Kí ìgbéraga tó gbéni ṣubú, etí ló kọ́kọ́ ń dí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì gbèrú gan-an. Àmọ́ láti ìgbà tó ti gbèrú ni wọn kò ti gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Oníṣirò owó wọn sọ fún wọn pé gbèsè ti ń sáré ju owó tó ń wọlé lọ, ṣe ni wọ́n lé e dànù, wọ́n ní aláìnígbàgbọ́ ni. Ní báyìí wọ́n tún fẹ́ yá owó láti fi ṣí ẹ̀ka tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òmùgọ̀ o, àwọn ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ? Ǹjẹ́ àmì wà tí a fi ń mọ̀ pé ìṣubú ti súnmọ́? Kí sì ni èmi àbúrò lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín kì í ṣe gbèsè. Gbèsè ṣeé san, ó ṣeé bẹ̀bẹ̀ lé lórí, àwọn ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè rẹpẹtẹ ti padà bọ̀ sípò rí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni oníṣirò owó tí ẹ̀gbọ́n yín lé. Láti ọjọ́ tó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, gbogbo àwọn tó kù nílé iṣẹ́ náà ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ òtítọ́. Ẹnì kankan kò ní láti kìlọ̀ fún wọn. Kí ìròyìn tó dé iwájú ẹ̀gbọ́n yín báyìí, wọn á ti yọ gbogbo ohun tó lè bí i nínú kúrò nínú rẹ̀, òun á sì máa rò pé ara ilé iṣẹ́ òun dá ṣáṣá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ńlá ṣe ń ṣi ìpinnu ṣe, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé ìgbéraga nìkan kì í sábà gbé ènìyàn ṣubú. Onígbéraga pọ̀ láyé tí nǹkan kan kò ṣe títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Ohun tó ń gbé wọn ṣubú ni pé ìgbéraga ń dínà mọ́ ìròyìn burúkú. Àṣìṣe tí ẹnì kan ì bá tọ́ka sí nígbà tó ṣì kéré á máa dàgbà níkọ̀kọ̀, ọ̀gá ni yóò sì gbọ́ kẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, tirẹ̀ nìkan ló kù fún un, tirẹ̀ kò sì lè tó, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ẹ bi mí pé báwo ni ẹni tó gbọ́n ṣe ń tan ara rẹ̀. Àṣeyọrí ló ń fà á. Ẹni tó ṣe ohun tó léwu, tí nǹkan kan kò sì ṣe é, ṣọ̀wọ́n kó sọ pé orí ló kó òun yọ. Ohun tó máa ń sọ ni pé ṣebí òun ti sọ, kò séwu. Bó bá tún ṣe é tó tún mú un jẹ, ó ti di ẹ̀rí lójú rẹ̀ pé ọ̀nà òun ló dára. Bí ewu ṣe ń di àṣà nìyẹn.

Ọ̀ràn ọkọ̀ Challenger ni mo máa ń tọ́ka sí lórí èyí. NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, fi í ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986. Ìṣẹ́jú àáyá 73 péré ló lò tó fi fọ́ túútúú lójú sánmà, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú, Christa McAuliffe tó jẹ́ olùkọ́ wà lára wọn. Òrùka rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ṣòro: òtútù ti mú rọ́bà náà le, kò lè dí ojú ibẹ̀ bó ti yẹ, iná sì gba ibẹ̀ yọ. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òrùka náà kò dára tó. Lára àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó padà láti ìrìn-àjò tó ṣáájú, wọ́n ti rí i pé iná ń jẹ ẹ́. Dípò kí ìyẹn já wọn láyà, torí pé ọkọ̀ ń lọ, ó sì ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí ewu tó ṣeé fara mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjinníà ilé iṣẹ́ Morton Thiokol tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, tí Roger Boisjoly wà lára wọn, sọ lórí fóònù pé òtútù ti pọ̀ jù, kí wọ́n dá ìrìn-àjò náà dúró. Inú àwọn ọ̀gá NASA kò dùn sí i rárá. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àyè láti forí korí. Nínú ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ yẹn ni ọ̀gá àgbà kan ti yíjú sí olórí àwọn ẹnjinníà, tó ní kó bọ́ fìlà ẹnjinníà sílẹ̀, kó dé ti alákòóso. Ọkùnrin náà gbà. Wọ́n padà sórí fóònù, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ.

Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe é, béèrè lọ́wọ́ oríṣiríṣi ènìyàn pé nínú ìrìn-àjò mélòó ni wọ́n rò pé ọkọ̀ yóò ti pàdánù ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ẹnjinníà tó ń fọwọ́ kan irin ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 100. Àwọn alákòóso ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 100,000. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ o! Bí ènìyàn ṣe jìnnà sí iṣẹ́ tó, tó sì ga nípò tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu kéré lójú rẹ̀ tó.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wo yíyá owó ẹ̀gbọ́n yín. Ó ti yá owó rí, ó sì san án. Ó tún yá, ó tún san. Lójú tirẹ̀, ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé òun mọ owó lò. Ó lè jẹ́ pé ohun tó fi hàn kò ju pé ọjà ń tà lásìkò yẹn lọ. Oníṣirò owó ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, òun gan-an ni kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ìtànjẹ ara ẹni tún ní ẹ̀yà kan tó burú ju èyí lọ: kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí òtítọ́, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ní ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun ojú omi Japan ti ń ṣẹ́gun léraléra fún oṣù mélòó kan, wọ́n wá ń múra láti lọ gba erékùṣù Midway lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ogun náà dánra wò lórí tábìlì, bí àwọn ológun ṣe máa ń ṣe. Nínú ìdánrawò yìí, bàálù ọ̀tá dé sí wọn lójijì. Adájọ́ kéde pé bọ́ǹbù mẹ́sàn-án ló bà wọ́n, pé Akagi àti Kaga, méjì nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé bàálù wọn, ti rì. Ọ̀gágun Ugaki tó ń darí ìdánrawò náà ní rárá, kí wọ́n kọ mẹ́ta sílẹ̀. Báyìí ni Akagi ṣe yè, tó ku Kaga nìkan. Nígbà tí wọ́n dé ìpele tó tẹ̀ lé e, Kaga náà tún ti wà lórí omi, ó ń jagun lọ. Fuchida, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá awakọ̀ bàálù wọn, ló ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ogun.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, bàálù Amẹ́ríkà dé sí wọn lójijì lóòótọ́. Bọ́ǹbù ba Akagi, ó ba Kaga, ó ba Soryu, kó tó di alẹ́ ó ti ba Hiryu náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣòfò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Japan sì bá a lọ. Ìdánrawò yẹn ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, láìta ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín náà rí èsì ìṣirò tí kò wù ú, ó sì pààrọ̀ adájọ́.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ènìyàn burúkú ni o. Ara ọmọ ènìyàn ló wà. Ní ọdún 1981, onímọ̀ ará Sweden kan, Ola Svenson, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ bí àwọn ṣe mọ ọkọ̀ wà sí tí wọ́n bá fi ara wọn wé àwọn yòókù. Nínú àwọn ti Amẹ́ríkà, ìdá 93 nínú 100 ló fi ara wọn sí ìdajì tó mọ ọkọ̀ wà jù, bẹ́ẹ̀ ìdajì kò lè gbà ju ìdajì lọ. Ní 1999, Justin Kruger àti David Dunning ní Yunifásítì Cornell dán àwọn ènìyàn wò lórí ìrònú àti gírámà. Ká ní àwọn 100 ló tò láti ẹ̀yìn wá síwájú, àwọn tó ṣe dáadáa kéré jù lọ wà ní nǹkan bí ipò 12. Ipò 62 ni wọ́n fi ara wọn sí. Àwọn kan ti jiyàn látìgbà náà pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀ ló fa apá kan nínú àlàfo yẹn, àríyànjiyàn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó ń fún mi nírètí jù nínú iṣẹ́ wọn ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà: nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn tó kẹ́yìn yẹn ní bí a ṣe ń ronú já ìbéèrè náà, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tí wọ́n ti kùnà. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni níí báni rí tẹni.

Ọpọlọ pípé kò sì gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Robert Merton àti Myron Scholes gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé ní 1997. Nígbà tó fi di 1998, ilé iṣẹ́ ìdókòwò tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, Long-Term Capital Management, ti pàdánù ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ láàárín oṣù mélòó kan, àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá ló gbà á kalẹ̀. Owó ẹlòmíràn tí wọ́n yá, tó pọ̀ fíìfíì ju tiwọn lọ, ló sọ àṣìṣe kékeré di ńlá fún wọn.

Ní ti àmì tí ẹ béèrè: David Owen, oníṣègùn tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ní Bìrìtìkó rí, àti Jonathan Davidson ṣe àyẹ̀wò àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà àti àwọn olórí ìjọba Bìrìtìkó fún ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì to àmì 14 jọ ní 2009 fún ohun tí agbára ń sọ ènìyàn dà. Lára wọn ni kí ènìyàn máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ràn, kó máa rò pé òun kò ní jíhìn fún ẹ̀dá kankan bí kò ṣe Ọlọ́run tàbí ìtàn, kó sì máa jìnnà sí bí nǹkan ṣe rí gan-an. Wọ́n sọ pé ìwà yìí máa ń bá agbára wọlé ni, ó sì sábà máa ń bá a lọ. Nítorí náà, kò dìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ onígbéraga láti kékeré kó tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, ohun mẹ́ta péré ni n óò máa ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè: ìgbà wo ló béèrè nǹkan kẹ́yìn tí kò ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìkejì ni ẹni tó ń jẹ̀bi. Bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti dé ibi tí gbogbo ìkùnà rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ọ̀tá tàbí àìṣòótọ́ òṣìṣẹ́, tí kò sí ọ̀kan tó ti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wá, kò wo ẹ̀yìn mọ́ nìyẹn. Ìkẹta ló lágbára jù: ṣé ìgbà tí nǹkan ń bàjẹ́ gan-an ló ń sọ ohun tó fi ń ta tẹ́tẹ́ di ìlọ́po? Ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú lásán máa ń fà sẹ́yìn bí ìṣirò bá yí padà. Onígbéraga kò lè fà sẹ́yìn, nítorí kì í ṣe owó nìkan ló wà lórí tábìlì fún un, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ka tuntun tí ẹ sọ yẹn ló mú mi sọ èyí.

Ó wá kù tiyín. Àbúrò ni yín, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì forí sọ ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú kan ní Tenerife, erékùṣù ilẹ̀ Spain, nínú kùrukùru, ènìyàn 583 sì kú. Ẹni tó wa ọ̀kan nínú wọn, bàálù ilé iṣẹ́ KLM ti Netherlands, ni Jacob Veldhuyzen van Zanten, olùkọ́ àgbà àwọn awakọ̀ irú bàálù náà, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fi àwòrán rẹ̀ polówó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá bàálù náà lọ láìtíì gba àṣẹ àtigbéra nígbà tí ẹnjinníà inú bàálù gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, tó sì béèrè bóyá bàálù kejì, ti ilé iṣẹ́ Pan Am, kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn gbọnmọgbọnmọ pé ó ti kúrò. Ẹnjinníà dákẹ́. Ìjàǹbá náà ní ohun mìíràn tó fà á, rédíò tó ń dí ara wọn lọ́wọ́ wà lára wọn, n kò sì ní pe olóògbé náà ní onígbéraga. Iyì ńlá nìkan ti tó láti pa àwọn tó wà lábẹ́ lẹ́nu mọ́. Látàrí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, láti 1979 síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù ní bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi máa gbọ́, àti bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́ ọ. Ohun kan tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé kí ọmọ iṣẹ́ má ṣe fi ewu pamọ́ sínú ìbéèrè jẹ́jẹ́.

Torí náà, ẹ sọ ọ́ gbangba fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì péré ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ níwájú òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹ má sì kó ẹbí lọ bá a. Ẹ má dárúkọ ìgbéraga rárá, nítorí bó bá ti gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ni yóò máa gbèjà, kò ní rántí ìṣirò mọ́. Ohun tí oníṣirò owó sọ ni kí ẹ mú lọ, iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, lórí ìwé kan ṣoṣo. Kí ẹ wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni yóò ṣẹlẹ̀, nígbà wo, tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi gbà pé ẹ̀ka yìí kò yẹ ní ṣíṣí?" Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí kò bá sí ohunkóhun láyé tó lè yí i lọ́kàn padà, ẹ ti mọ ibi tó dúró.

Ọ̀nà kan tún wà tí onímọ̀ nípa ìrònú kan, Gary Klein, dábàá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn ọlọ́gbọ́n. Ẹ ní kó rò ó pé ọdún kan ti kọjá, ẹ̀ka tuntun ti kógbá wọlé pátápátá, kó wá sọ fún yín ohun tó fà á. Ẹ ò béèrè bóyá yóò kùnà. Ó ti kùnà nínú ìtàn yẹn, àlàyé ló kù. Ọgbọ́n rẹ̀ tó ti ń fi ṣe àwáwí tẹ́lẹ̀ yóò wá máa bá òtítọ́ ṣiṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kó gbọ́. John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣi ìpinnu ṣe gidi ní oṣù Kẹrin ọdún 1961, nígbà tó fọwọ́ sí ìkọlù Bay of Pigs ní Cuba, tí àwọn kan lára àwọn agbani-nímọ̀ràn rẹ̀ tó mọ̀ pé kò dára sì dákẹ́ nínú ìpàdé. Ó gba ẹ̀bi náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, nígbà tí ọ̀ràn ohun ìjà Rọ́ṣíà ní Cuba dé, àwọn ìgbà kan wà tó máa ń kúrò nínú yàrá ìpàdé kí àwọn yòókù lè jiyàn láìwo ojú rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín pe oníṣirò owó náà padà níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ ni irú ohun tó lè ṣe tirẹ̀. N kò mọ ohun kan tó lè tètè la ẹnu àwọn yòókù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sì ṣeé ṣe kó má gbọ́. Caulaincourt tó ti ṣe aṣojú Faransé ní Rọ́ṣíà kìlọ̀ fún Napoleon, olú-ọba Faransé, ní kedere pé kó má lọ jagun níbẹ̀, pé ilẹ̀ náà gbòòrò, òtútù rẹ̀ sì ń pani. Ó lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 1812 pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun. Ó wọ Moscow ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ó jókòó níbẹ̀ títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, ó ń retí kí ọba Rọ́ṣíà wá bẹ òun. Ọba kò wá. Nígbà tó ń sá padà sí Paris ní oṣù Kejìlá, Caulaincourt ló jókòó tì í nínú ọkọ̀ tí ẹṣin ń wọ́ lórí yìnyín. Ó ti sọ òtítọ́, kò sì fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn, ẹ máa pè é, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kódà bó bá yan ọ̀nà tí ẹ ò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe onídùúró fún owó tó fẹ́ yá. Ẹ má fi ilé ẹbí dúró, ẹ má fi owó àwọn òbí yín sínú ẹ̀ka náà. Bó bá ní ẹ ò nígbàgbọ́ nínú òun, ẹ sọ fún un pé ẹ nígbàgbọ́ nínú òun, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ìṣirò tó bá ohun tó ń sọ mu. Kí ẹ tún sọ fún un pé bó bá mú ìṣirò náà wá, tí ẹlòmíràn tí kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ óò jókòó kà á pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.